Eré ọlọ́pàá orí tẹlifíṣọ̀n: ìfọ́tí pọ̀ níbẹ̀, ìwé kọ́ńtà ò sí

Nínú eré ọlọ́pàá tó ń wọlé láti Amẹ́ríkà, bákan náà ni ìwàkiwà ọlọ́pàá máa ń rí. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ á ti ilẹ̀kùn, á pa kámẹ́rà, á fọ́ afurasí létí, afurasí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka bòròbòrò. Kí eré tó parí, wọ́n ti rí ọmọ tí wọ́n jí gbé. Ta ló máa bínú sí irú ọlọ́pàá bẹ́ẹ̀? Color Of Change, ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, yẹ 26 irú eré yìí wò, wọ́n gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde lóṣù kìíní ọdún 2020: àwọn tí eré pè lẹ́ni rere gan-an ló ń rú òfin, eré á sì mú un fúyẹ́ lójú òǹwòran.

Ohun tí eré ò mọ̀ ni pé aago àti bébà ni ìwàkiwà ń lò jù, kì í ṣe ọwọ́. Ẹ wo ọ̀rọ̀ àtìmọ́lé. Níbí ní Nàìjíríà, Abala 35 ìwé òfin 1999 ní, yàtọ̀ sí ẹ̀sùn tí ikú jẹ́ ìyà rẹ̀, bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi lè ti ènìyàn mọ́lé kó tó dé iwájú adájọ́. Nínú ìgboro Ìbàdàn, ibo ló jìnnà tó bẹ́ẹ̀ sí kóòtù Ìyágánkù? Láàárín wákàtí 24, wọ́n tún gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí wọ́n fi mú un fún un, ní èdè tó gbọ́. Bó ṣe ń bàjẹ́ nìyí: wọ́n á mú ènìyàn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, kóòtù ò ní jókòó títí di Mọ́ńdè. Tàbí kí wọ́n má kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé kọ́ńtà, ìyẹn ìwé tí téṣàn ń kọ àwọn tí wọ́n mú sí, títí di ọjọ́ kẹta, kó wá dà bíi pé àárọ̀ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. A gbà pé ìwé kọ́ńtà ò dùn-ún wò lórí tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n ibẹ̀ lọ́rọ̀ wà.

Ìfọ́tí náà ńkọ́? Abala 29 Òfin Ẹ̀rí 2011 ní bí afurasí bá sọ pé ìyà ni wọ́n fi gba ìjẹ́wọ́ lẹ́nu òun, àfi kí olùpẹjọ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ kọjá iyèméjì pé kò rí bẹ́ẹ̀. Adájọ́ á dá ẹjọ́ inú ẹjọ́ sílẹ̀, láti kọ́kọ́ wádìí bí wọ́n ṣe gba ìjẹ́wọ́ náà. Bí olùpẹjọ́ bá kùnà, ìjẹ́wọ́ di ìdọ̀tí tí kóòtù ò ní lò, bó tilẹ̀ jẹ́ òótọ́ pọ́nbélé. Bí kò bá sí ẹ̀rí mìíràn, ẹjọ́ ti wó nìyẹn, ọ̀daràn á sì gbalé rẹ̀ lọ. Òfin tó ta ko ìdálóró, ti 2017, lè fi ọlọ́pàá náà sẹ́wọ̀n ọdún 25, “ọ̀gá ló ní kí n ṣe é” ò sì lè gbà á sílẹ̀. Lórí tẹlifíṣọ̀n, ọ̀gá á kàn pariwo mọ́ ọn lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni.

Fíìmù Yorùbá tiwa sàn díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ owó. Nínú eré òyìnbó, adájọ́ ló ń dá iye béèlì, ẹni tó bá sì fi ìyẹn kọ́gbọ́n á kàn ki ọwọ́ bàpò tó bá dé kọ́ńtà téṣàn wa. Béèlì téṣàn ò gba kọ́bọ̀. Onídùúró tó máa tọwọ́ bọ̀wé ni wọ́n nílò. “Béèlì ọ̀fẹ́ ni” wà lára ògiri, ṣùgbọ́n owó á yí orúkọ padà: owó bébà, owó epo mọ́tò. Àwọn òṣèré wa mọ eléyìí dunjú, wọ́n kàn fi ń pa wá lẹ́rìn-ín jù.

Ibi tí fíìmù wa ti burú ni kí ọmọ sá, kí wọ́n gbé ìyá rẹ̀ tì mọ́lé, kí ẹnikẹ́ni má sì bi ọlọ́pàá léèrè. Òfin Ọlọ́pàá 2020 kọ̀ ọ́ délẹ̀: a kì í mú ẹnì kan dípò ẹlòmíì. Kí lọ́yà kan ṣáà yọjú sọ ọ́ nínú eré, ìlà ọ̀rọ̀ kan péré ni.

Eré òyìnbó gba máàkì 3 nínú 10 lọ́wọ́ wa; tiwa gba 5.