Níbo la ó kó kóòdù wa sí? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ ra ibi ìpamọ́ Git l'Óṣogbo

Bí ẹ bá ju ẹnì kan lọ tí ẹ jọ ń kọ kóòdù kan náà, tí ẹ sì ń fi fáìlì ránṣẹ́ síra yín lórí WhatsApp, ẹ ti mọ ohun tí ojú ń rí. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí: GitHub, ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì; Gitea, ètò tó jọ ọ́ tí ẹ ó gbé sórí ẹ̀rọ tiyín; tàbí repo (fóòdà tí Git ń pa kóòdù mọ́ sí) lásán lórí kọ̀ǹpútà kan tí gbogbo yín ń fi SSH (ọ̀nà ààbò láti wọ ẹ̀rọ láti ibòmíràn) wọ̀. Git, ètò tó ń pa ìtàn gbogbo àtúnṣe kóòdù mọ́, ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lò. Ohun tó yàtọ̀ ni ẹni tí yóò dìde lóru nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́.

Ọ̀fẹ́ ni GitHub, kódà fún repo tí ẹ tì pa tí ará ìta ò lè rí, iye yòówù kí ẹ jẹ́. Láti 2020 ló ti rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀fẹ́ yìí, ẹ ò lè dáàbò bo main, ìyẹn olórí ẹ̀ka kóòdù yín, nínú repo tí ẹ tì pa. Push ni kí ẹ fi iṣẹ́ yín ránṣẹ́ sínú repo. Ọmọṣẹ́ tó dé lánàá lè tẹ push --force, tó ń fi tipátipá gbé tirẹ̀ lé ti àwọn tó kù, kí iṣẹ́ oṣù mẹ́ta kúrò lórí main. Ẹni tó bá fẹ́ dènà ìyẹn yóò bọ́ sí Team, ètò GitHub tí à ń sanwó fún, dọ́là 4 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣù. Ẹ̀yin mẹ́fà, dọ́là 24, ẹ sì gbọ́dọ̀ ní káàdì tó ń san dọ́là. Fáìlì tó bá ju MB 100 lọ, kò ní gbà á. Bí ẹ bá rí "Authentication failed", ẹ má wulẹ̀ tún ọ̀rọ̀ aṣínà tẹ̀: láti August 2021 ni wọn ò ti gbà á mọ́ fún push. Token (àmì ìwọlé tí ẹ ń gbà lórí GitHub fúnra rẹ̀) tàbí kọ́kọ́rọ́ SSH ló ń bèèrè.

Gitea là ń lò l'Ògo-Olúwa, òun ni mo sì fẹ́ràn jù. Ó fúyẹ́ débi pé Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré olówó pọ́ọ́kú, lè gbé e. Ìdáàbòbò ẹ̀ka wà nínú rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀, a sì ń push nínú ọ́fíìsì láìná dátà. Iná ni ọ̀tá rẹ̀. Kí a tó ra inverter, iná lọ lọ́jọ́ kan bí ẹnì kejì mi ti ń push lọ́wọ́. Nígbà tí iná dé, ẹ̀rọ ní "object file is empty", ìyẹn ni pé àwọn fáìlì tí Git ń kó iṣẹ́ wa sí ti ṣófo. Àyà mi já. Mo kọ́kọ́ da gbogbo fóòdà repo kọ sórí dísìkì mìíràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ìyẹn láé. Mo wá tẹ git fsck --full, àṣẹ tó ń yẹ repo wò, ó to orúkọ àwọn tó bàjẹ́. Mẹ́rin ni. A yọ àwọn òfìfo náà, a da ojúlówó wọn kọ láti inú .git/objects lórí laptop ẹni tó push kẹ́yìn. Fsck dákẹ́. Ọjọ́ yẹn ló yé mi pé clone (ẹ̀dà repo) kọ̀ọ̀kan tó wà lọ́wọ́ wa, odidi ìtàn iṣẹ́ ló gbé.

Bí ẹnìkan bá ní GitLab, ètò mìíràn tó jọ GitHub, ni kí ẹ gbé sórí irú ẹ̀rọ kékeré bẹ́ẹ̀, ẹ má gbà. Ó wúwo jù fún un. Lórí ìkànnì tiwọn náà, ẹni márùn-ún péré ni ọ̀fẹ́ ń gbà nínú ẹgbẹ́ tí ẹ tì pa.

Repo lásán ló rọrùn jù lówó: git init --bare --shared=group, ó parí. Kì í tilẹ̀ẹ́ gba push --force láyè. Kò ní ojú ìwé tí ẹ ó ti máa yẹ iṣẹ́ ara yín wò, ẹni tí terminal (ojú ibi tí à ń tẹ àṣẹ sí) ò bá sì bà lẹ́rù ló wà fún. Àìsàn rẹ̀ kan ṣoṣo ni "insufficient permission for adding an object", ìyẹn ni pé ẹ ò ní àyè láti fi fáìlì síbẹ̀. Ẹnìkan ti fi sudo (agbára ọ̀gá ẹ̀rọ) ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àwọn fáìlì ti di ti root, ọ̀gá ẹ̀rọ náà. Ẹ fi chgrp -R dá wọn padà fún ẹgbẹ́ yín, ẹ tẹ chmod -R g+rwX, ẹ fi g+s sí gbogbo fóòdà.

Ní ti backup, January 31, 2017, òṣìṣẹ́ GitLab kan ṣèèṣì pa dátábéèsì wọn rẹ́, àwọn backup tí wọ́n gbójú lé kò sì ṣiṣẹ́. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà iṣẹ́ oníbàárà ló bá a lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ta ẹ̀rọ Gitea fún yín, ẹ ní kó pa repo kan rẹ́ níṣojú yín, kó sì gbé e dìde láti inú ẹ̀dà kíkún tó fi git clone --mirror ṣe pamọ́. Bí kò bá lè ṣe é, ẹ má tíì sanwó.