Kílíà SprayMax 2K Lórí Táńkì Alùpùpù Tí A Fi Léèsì Ṣe Lọ́ṣọ̀ọ́

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kun alùpùpù nílé sábà máa ń ná èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó àti èrò rẹ̀ sórí àwọ̀. Èrò tèmi ni pé kílíà ni ó yẹ kí ó gba ipò yẹn, ìyẹn ọ̀dà aláìláwọ̀ tí a ń fín lé gbogbo iṣẹ́ yòókù lórí, nítorí pé bí ó ti wù kí ọ̀ṣọ́ abẹ́ rẹ̀ lẹ́wà tó, ọwọ́ kílíà ni ẹ̀mí ọ̀ṣọ́ náà wà. Èyí tí mo lò, tí mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ni SprayMax 2K oní-dídán, tí ilé-iṣẹ́ Peter Kwasny ní ìlú Gundelsheim, lórílẹ̀-èdè Jámánì, ń ṣe sínú agolo. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń gbé, ó sì rọrùn láti rí i rà níbí, yálà ní ìsọ̀ àwọn tí ń ta ọ̀dà mọ́tò tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Honda CG125 ni alùpùpù tí mo fi ṣe iṣẹ́ náà, irú èyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ó dàgbà ní Nàìjíríà kò ní ṣàìmọ̀. Táńkì epo rẹ̀ àti àwo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ni mo kùn.

Ọ̀pọ̀ kílíà agolo tí ó wà lórí àtẹ jẹ́ 1K, ìyẹn èyí tí a kò po ohunkóhun mọ́. Irú èyí kò ṣe ju pé kí tínà inú rẹ̀, ohun olómi tí ń yọ́ ọ̀dà, fẹ́ lọ, kí ohun tí ó ṣẹ́kù sì gan mọ́ irin. Ohun tí tínà yọ́ lánàá, epo bẹntiróòlù lè tún un yọ́ lọ́la, nítorí pé òun náà jẹ́ ohun tí ń yọ́ nǹkan. Ọ̀rọ̀ náà tún le sí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, nígbà tí epo E10, tí ọtí ethanol inú rẹ̀ lè tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, di epo tí àwọn ilé-epo ń tà gẹ́gẹ́ bí èyí tí ó wọ́pọ̀. Kò sí bí ènìyàn ṣe máa ṣọ́ra tó tí epo díẹ̀ kò ní kán sí etí ẹnu táńkì ní ọjọ́ kan. Bí ó bá kán sórí kílíà 1K, ibẹ̀ á rọ̀, á lẹ̀ mọ́ ọwọ́, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, gbogbo ọ̀ṣọ́ tí a fara balẹ̀ ṣe á sì bá a lọ.

Kílíà 2K kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní hádínà tirẹ̀, ìyẹn ohun tí a ń pò mọ́ ọn kí ó lè le, àwọn méjèèjì á sì so pọ̀ di ohun tuntun kan tí epo kò lè tú mọ́. Tẹ́lẹ̀ rí, ẹni tí ó bá fẹ́ lo irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, gọ́ọ̀nù ìfínọ̀dà àti ife ìwọ̀n, kí ó sì mọ ìwọ̀n hádínà tí ó yẹ kí ó pò mọ́ kílíà. Ohun tí SprayMax ṣe ni pé ó fi hádínà pamọ́ sínú yàrá kékeré kan nínú agolo náà fúnra rẹ̀. Bọ́tìnnì pupa kan wà nínú ìdérí rẹ̀. A ó kọ́kọ́ mi agolo náà dáadáa fún ìṣẹ́jú méjì, a ó dorí rẹ̀ kodò, a ó fi bọ́tìnnì yẹn sórí irin tín-ín-rín tí ó wà ní ìdí rẹ̀, a ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ wọlé. Lẹ́yìn èyí ni a ó tún mì ín fún ìṣẹ́jú méjì mìíràn kí hádínà lè po mọ́ kílíà yíká. Láti ìgbà tí a bá ti tẹ bọ́tìnnì yẹn, nǹkan bí wákàtí 48 ni a ní ní ìwọ̀n ooru 20°C, lẹ́yìn náà ohun tí ó wà nínú agolo á le gbagidi, kò sì sí ẹni tí ó lè tún un lò. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tẹ bọ́tìnnì títí gbogbo iṣẹ́ tí ó wà lábẹ́ kílíà yóò fi parí, tí ibi iṣẹ́ yóò fi mọ́, tí ojú ọjọ́ yóò sì fi dára.

Iṣẹ́ abẹ́ yẹn ni ó dùn mọ́ mi jù lọ, nítorí pé léèsì ni mo fi ṣe é. Àwọn tí ń ṣe alùpùpù lọ́ṣọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà ti ń lo léèsì láti ìgbà pípẹ́: wọn á ta á sórí táńkì, wọn á fín ọ̀dà gba inú ihò rẹ̀ kọjá, bí wọ́n bá sì ká a kúrò, àwòrán òdòdó inú aṣọ náà á ti wà lára irin. Nínú gbogbo ènìyàn tí ń gun alùpùpù, èwo ni iṣẹ́ yìí tún yẹ ju ọmọ Yorùbá lọ? Kò sí ilé wa tí a kò ní rí àjákù léèsì tí ó ṣẹ́kù lára aṣọ ẹbí. Àwọn tí ń hun léèsì ní ìlú Lustenau ní ẹkùn Vorarlberg, lórílẹ̀-èdè Austria, ti ń ṣe é fún ọjà Nàìjíríà láti àwọn ọdún 1960, ọ̀pọ̀ àwòrán tí ó wà lára rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí wọ́n dá láti bá ojú wa mu. Àjákù tí mo lò jẹ́ ti ìyàwó ilé, inú mi sì dùn pé aṣọ tí a wọ̀ síbi ìnáwó tún rí iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Kì í ṣe gbogbo léèsì ni ó wúlò fún un. Èyí tí ó ní òkúta wẹ́wẹ́ tàbí tí okùn rẹ̀ nípọn kò ní jẹ́ kí aṣọ lẹ̀ mọ́ irin, ọ̀dà á sì gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, àwòrán á di rúdurùdu. Èyí tí ó fẹ́lẹ́, tí ihò rẹ̀ sì tóbi, ni ó dára. Mo fi sáńpépà yọ ọ̀dà àtijọ́ kúrò, mo fín práímà, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀, mo fi sáńpépà P800 olómi dán an, lẹ́yìn náà ni mo fín ọ̀dà fàdákà sí gbogbo rẹ̀. Nígbà tí fàdákà náà gbẹ dáadáa, mo ta léèsì náà sórí táńkì kí ó má ní ìṣẹ́po kankan, mo fi téèpù dè é mọ́ abẹ́, mo sì fín ọ̀dà dúdú gba orí rẹ̀ kọjá ní fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, láti òkè tààrà, kì í ṣe láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọ̀dà náà gbẹ díẹ̀ kí ẹ tó ká aṣọ, kí ẹ sì gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan náà láìfà á gba ojú irin.

Orí àwòrán fàdákà àti dúdú yìí ni mo fín káńdì pupa sí. Káńdì kì í ṣe ọ̀dà tí ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ máa ń gba inú rẹ̀ kọjá, á kan fàdákà abẹ́ rẹ̀, á sì tún padà jáde pẹ̀lú àwọ̀, ìdí sì nìyẹn tí ó fi máa ń jọ pé àwọ̀ náà jìn. Joe Bailon, tí ń ṣe mọ́tò lọ́ṣọ̀ọ́ ní California, ni wọ́n máa ń sọ pé ó dá pupa káńdì sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1950. Bí aṣọ tí a ń rì sínú aró ni ó rí: gbogbo ìgbà tí a bá fi kún un ni ó ń dúdú sí i, nítorí náà, bí ọwọ́ bá wúwo sí apá kan ju èkejì lọ, ilà á fara hàn níbẹ̀, kò sì sí ọ̀nà láti pa á rẹ́ àfi kí a padà sórí fàdákà. Ọ̀nà tí a fi ń yẹra fún èyí ni kí a fín in ní ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó pọ̀, kí ìfín kọ̀ọ̀kan gorí ìdajì èyí tí ó ṣáájú rẹ̀, kí agolo sì jìnnà sí irin ní ìwọ̀n kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nígbà tí ó wá kan kílíà gan-an, ohun àkọ́kọ́ tí mo kíyèsí ni imú agolo SprayMax. Ó ń tú kílíà jáde ní pẹrẹsẹ gẹ́gẹ́ bíi gọ́ọ̀nù tí àwọn pẹ́ńtà mọ́tò ń lò, kì í ṣe ní róbótó bíi ti agolo olówó pọ́ọ́kú, èyí sì mú kí ìfín kan bá èkejì mu láìsí wàhálà. Mo fín ìpele àkọ́kọ́ ní fẹ́ẹ́rẹ́, mo dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo sì fín ìpele kejì kí ó kún, kí ó tutù, kí ó dán. Ojú ara mi ni àwọ̀ náà ṣe yí padà. Káńdì tí ó ti ń ṣe bí ẹni tí eruku bò tàn yọ, òdòdó léèsì abẹ́ rẹ̀ sì yọ sókè kedere bí ìmọ́lẹ̀ bá ti lù ú. Etí àwòrán léèsì máa ń ga díẹ̀ lábẹ́ ọwọ́, agolo kan kò sì tó láti mú un tẹ́jú. Ohun tí ó dára ni kí a jẹ́ kí kílíà agolo àkọ́kọ́ le, kí a fi sáńpépà P800 olómi rọra mú un tẹ́jú, kí a sì tẹ bọ́tìnnì agolo kejì. Ẹ ṣọ́ra kí sáńpépà má kan káńdì, nítorí pé àwọ̀ ibi tí ó bá kàn á ṣá ju ti ibi yòókù lọ títí ayé.

Mo kun irin pẹlẹbẹ kan pọ̀ mọ́ iṣẹ́ náà láti fi dán kílíà yìí wò. Nígbà tí ó ti le tán, mo fi aṣọ tí a rẹ sínú epo bẹntiróòlù nù ún, mo sì fi aṣọ náà sílẹ̀ lórí rẹ̀ fúngbà díẹ̀. Àwọ̀ kankan kò bá aṣọ wá, dídán rẹ̀ kò sì dín. Èyí ni ìdí pàtàkì tí mo fi gba àwọn ẹlòmíràn níyànjú láti rà á.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí mo bẹ̀ yín kí ẹ má fi ṣeré. Isocyanate ni ó wà nínú hádínà yẹn, ó sì wà lára àwọn ohun tí ó máa ń fa ikọ́ fée (asthma) jù lọ láàárín àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ fífín ọ̀dà mọ́tò. Bí ó bá ti wọ ẹ̀dọ̀fóró ẹnì kan débi pé ara rẹ̀ kọ̀ ọ́, ìwọ̀nba kékeré rẹ̀ lè dá ìkọlù sílẹ̀ nígbàkigbà. Ìkùukùu rẹ̀ kì í hàn sí ojú lásán, ó sì máa ń dúró nínú afẹ́fẹ́ lẹ́yìn tí òórùn bá ti lọ. Aṣọ ìbomú tí a lò nígbà àrùn Kòrónà kò wúlò rárá níbí. Ohun tí ó dára jù ni ìbomú tí afẹ́fẹ́ mímọ́ ń wọ inú rẹ̀ láti ibòmíràn, èyí tí àwọn aláṣẹ ètò ààbò iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń fi iṣẹ́ yìí jẹun. Ẹni tí kò bá ní in gbọ́dọ̀ lo ìbomú oní-fílítà tí ó ń dá òórùn kẹ́míkà àti ìkùukùu dúró pọ̀, kí fílítà náà jẹ́ tuntun, kí ó fún mọ́ ojú, kí irùngbọ̀n má sì jẹ́ kí àlàfo wà. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo ojú, ẹ bo apá. Gbàgede tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ni kí ẹ ti ṣe é, kì í ṣe yàrá tàbí gáréèjì tí ó so mọ́ ilé, kí àwọn ọmọdé àti ará ilé yòókù sì jìnnà. Ẹni tí ó ní ikọ́ fée tẹ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án; kí ó ṣe léèsì àti káńdì rẹ̀ tán, kí ó sì gbé táńkì lọ fún pẹ́ńtà láti fín kílíà sí i.

Ojú ọjọ́ náà ní ìpín tirẹ̀. Kílíà yìí fẹ́ ìwọ̀n ooru 20°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́dún níbí. Bí òtútù bá mú irin, kílíà kò ní tẹ́jú, bí ọ̀rinrin bá sì pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, funfun tí kò mọ́ á bo ojú rẹ̀. Àwọn tí ó wà nílé, ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, ní ooru tí ó tó, ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ àti ọ̀rinrin àkókò òjò ni ọ̀tá tiwọn, wákàtí tí wọ́n lè fi lo agolo náà á sì kúrú sí i nítorí ooru.

Ní ti owó, ó wọ́n ju agolo 1K lásán lọ dáadáa, iṣẹ́ léèsì sì máa ń gba agolo méjì. Ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á, mi ò sì rí i bí owó tí ó sọnù. Àmọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ lo fílèkì, àwọn ègé wínníwínní tí ń tàn yinrinyinrin, kò ní rí èrè púpọ̀ nínú agolo yìí, nítorí pé fílèkì máa ń mú kí ojú irin rí gbágungbàgun, ó sì ń béèrè ìpele kílíà púpọ̀ kí ó tó tẹ́jú. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ àti gọ́ọ̀nù ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ yá.

Agolo SprayMax yìí kò ṣeé fi sínú ẹrù ẹni tí ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sílé, nítorí pé gáàsì tí ń gbiná ni ó ń tì í jáde. Ẹni tí ó wà ní Nàìjíríà kò nílò rẹ̀ dandan, nítorí pé àwọn pẹ́ńtà mọ́tò tí ó mọ iṣẹ́ ní àdúgbò ti ń po kílíà mọ́ hádínà, ohun kan náà sì ni. Kí ó kàn rí i dájú pé hádínà wọ inú rẹ̀ ní ìwọ̀n tí ó wà lára agolo, kí pẹ́ńtà náà má sì fi tínà rọ́pò rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, bí àwọ̀ alùpùpù bá yàtọ̀ sí èyí tí ó wà nínú V5C, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀, DVLA, àjọ ìjọba tí ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, gbọ́dọ̀ gbọ́, kí ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò náà sì mọ̀. Ẹ fún kílíà ní ọ̀sẹ̀ kan kí ó le dé inú kí ẹ tó bu epo sí táńkì.