Àpótí Ìtẹ́ Ẹyẹ Táwọn Ọmọ Ń Tò Fúnra Wọn: Èyí Tí Kò Lẹ́wà Ni Kẹ́ Ẹ Rà

Ọlidé gígùn ti dé, òbí tó ń kọ́ ọmọ nílé sì ń wá ohun tó máa gba ọwọ́ wọn. Ọ̀kan lára ohun tí wọ́n ń tà fún un ni àpótí ìtẹ́ ẹyẹ tí wọ́n ti gé pákó rẹ̀ sínú páálí: ẹ̀yìn, iwájú, ẹ̀gbẹ́ méjì, ìsàlẹ̀ àti òrùlé, pẹ̀lú súkúrù nínú ọ̀rá kékeré. Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Pákó lásán gba máàkì 4 nínú 5 lọ́wọ́ wa. Oníkámẹ́rà gba 3. Aláràbarà, tí wọ́n kùn ní ọ̀dà tinú tòde tó sì ní igi ìdúró lẹ́nu ihò, gba 1, torí pé ó dùn ún wò lórí tábìlì.

Igi ìdúró yẹn gan-an ló ba tirẹ̀ jẹ́. Ẹyẹ tó ń pamọ sínú ihò kò nílò rẹ̀, èékánná ló fi ń di etí ihò mú. Ẹni tó máa wúlò fún ni ẹyẹ apanijẹ tó fẹ́ rí ibi tẹ ẹsẹ̀ dúró sí kó tó ki orí bọlé. Bí ẹ bá ti rà á, ẹ fi ayùn gé e kúrò. Ọ̀dà inú ṣòroó tún ṣe ju ìyẹn lọ. Ara pákó tó ń dán ń yọ̀, ọmọ ẹyẹ tó fẹ́ jáde kò sì ní rí ibi fi èékánná kọ́. Kódà nínú pákó lásán, ẹ fi ìṣó ha ìlà wínníwínní sí inú iwájú àpótí, láti ìsàlẹ̀ dé ẹnu ihò, kẹ́ ẹ tó tò ó. Ọmọ ọdún mẹ́fà lè ṣe ìyẹn, inú rẹ̀ á sì dùn pé wọ́n ní kóun ba igi jẹ́.

Ẹ mú rúlà dání lọ sọ́jà. Kí pákó nípọn tó mìlímítà 15, ó kéré tán. Èyí tó fẹ́lẹ́ á ká, oòrùn á sì sọ inú rẹ̀ di ààrò. Ihò mìlímítà 28 wà fún àwọn ẹyẹ tó kéré jù, 32 fún ológoṣẹ́. Bó bá ti tó 45, ẹyẹ ńlá á wọlé lé àwọn kékeré jáde. Láti ìsàlẹ̀ ihò dé ilẹ̀ àpótí, ẹ wá sẹ̀ntímítà 12 àbọ̀ ó kéré tán, kí ọwọ́ ológbò má baà tó àwọn ọmọ. Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ olówó pọ́ọ́kú ti ń kùnà.

Nínú títò, ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọmọ á fi òòlù kan ìṣó sí etí pákó, pákó á sì là. Ẹ kọ́kọ́ lu ihò tó tín-ín-rín ju súkúrù lọ, kí àgbà ṣe ìyẹn, kí ọmọ wá fi sukudiráfà yí i wọlé. Ẹ má gbára lé gọ́ọ̀mù tó wà nínú páálí. Pákó ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín àwọn ògiri, kó má yọ síta mu omi òjò. Ẹ lu ihò kékeré mẹ́rin sí igun rẹ̀ kí omi lè jáde, torí wọn kì í sábà lù ú wá látilé iṣẹ́. Súkúrù ni kẹ́ ẹ fi de òrùlé, kó ṣeé tú fún fífọ̀ lẹ́yìn tí àwọn ẹyẹ bá ti kó lọ: omi gbígbóná nìkan, kò sí oògùn kòkòrò. Ẹ gbé e kọ́ ní mítà 2 sí 4, kó má kọjú sí oòrùn ọ̀sán.

Kámẹ́rà dára fún kíkà: àwọn ọmọ lè ka iye ìgbà tí òbí ẹyẹ gbé oúnjẹ wọlé láàárín ìṣẹ́jú 10, kí wọ́n sì ya gíráàfù rẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ ike ni wọ́n fi ṣe àpótí oníkámẹ́rà náà, inú rẹ̀ máa ń gbóná ju inú pákó lọ. Ẹ tún wáyà rẹ̀ ṣe kí ẹyẹ tó dé, torí kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣí àpótí tó ti ní ẹyin.

Máàkì kan tá a yọ lára pákó lásán, ìwé pélébé inú páálí ló fà á. Kò sọ ohun tí ọmọdé máa ṣe lọ́jọ́ tó bá bá ọmọ ẹyẹ nílẹ̀. Èyí tó ti níyẹ̀ẹ́ lára, tí ìrù rẹ̀ kúrú, tó ń tọ pọ́n-ún pọ́n-ún, ń kọ́ fífò ni. Ẹ so ajá, ẹ ti ológbò mọ́lé, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tó wà níhòòhò, ẹ dá a padà sítẹ̀ẹ́. Irọ́ ni pé ìyá á kọ̀ ọ́ nítorí òórùn ọwọ́ èèyàn. Bí ìtẹ́ bá ti wó, ẹ to koríko gbígbẹ sínú apẹ̀rẹ̀ kékeré tí ìdí rẹ̀ ń jo omi, ẹ so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tó wà tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ jìnnà síbẹ̀ fún wákàtí kan sí méjì. Ẹ má fún un ní búrẹ́dì àti mílíìkì, ẹ má sì kán omi sí i lẹ́nu, torí ọ̀nà èémí lomi náà máa gbà.

Èyí tí ológbò bá ti fẹnu kàn, bí ẹ kò tilẹ̀ rí ẹ̀jẹ̀, dókítà ẹranko ló kàn lọ́jọ́ náà gan-an, torí kòkòrò inú itọ́ ológbò ń yára pa ẹyẹ. Inú páálí tí àpótí bá wá gan-an lẹ máa fi gbé e lọ: ẹ lu ihò afẹ́fẹ́ sí i, ẹ tẹ́ aṣọ sísàlẹ̀, ẹ dé e kó ṣókùnkùn, kẹ́ ẹ sì ti kọ nọ́ńbà dókítà sí ìdérí rẹ̀.