E10, E15, E85: Èwo Ni Kí Ẹ Rà?

Ní ilé epo Amẹ́ríkà, nọ́ńbà tó tẹ̀lé E lára pọ́ǹpù ló ń sọ iye ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tí ẹ́tánọ́ọ̀lù lè kó nínú bẹntiróòlù. Ọtí àgbàdo ni lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n ẹ má tọ́ ọ wò o: wọ́n ti da nǹkan sí i láti ilé iṣẹ́ kó má baà ṣeé mu.

Agbára inú gálọ̀nù ọtí kan kò ju nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ti bẹntiróòlù lọ. Nítorí náà, iye máìlì tí owó yín máa gbé yín dé ni kí ẹ fi díwọ̀n.

E10 ló wà káàkiri. Kò sí ọkọ̀ ìgbàlódé tí kì í mu ún, máìlì tó sì ń jẹ kò ju bí 3% lọ.

E15, tí wọ́n sábà máa ń kọ ní Unleaded 88, máa ń fi sẹ́ǹtì díẹ̀ dín sí E10. Ọkọ̀ 2001 sókè ni ìjọba fọwọ́ sí i fún. Bí tiyín bá bọ́ síbẹ̀, ẹ rà á. Àmọ́ kò gbọdọ̀ kan alùpùpù, ọkọ̀ ojú omi, ẹ̀rọ agékoríko tàbí jẹnẹrétọ̀. Ọtí a máa fa omi mọ́ra. Bí ẹ bá gbé jẹnẹrétọ̀ jù sí gàréèjì fún oṣù mélòó kan, omi àti ọtí lè ya ara wọn kúrò lára epo, kí wọ́n lọ dì sí ìdí táǹkì, níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa epo gan-an. Kábúrétọ̀ á dípẹtà, rọ́bà á bàjẹ́. Ẹ wá E0 tí kò ní ọtí rárá fún un, bó tilẹ̀ wọ́n.

E85 ni ìṣirò wà fún. Láìka 85 tó wà lórúkọ rẹ̀ sí, ọtí inú rẹ̀ wà láàárín 51% sí 83%. Wọ́n máa ń dín in kù nígbà òtútù, torí ọtí kì í tètè gbiná nínú òtútù. Ọkọ̀ flex-fuel, ìyẹn èyí tí wọ́n ṣe láti lè mu bẹntiróòlù tàbí E85, nìkan ló wà fún: ẹ wo ìdérí táǹkì bóyá yẹ́lò ni. Ó lè jẹ tó ìdá kan nínú mẹ́rin máìlì yín. Bí E10 bá jẹ́ $3.20, tí E85 kò sì dín sí $2.40, ẹ fi sílẹ̀, àfi bí eré ọkọ̀ bá ń wù yín tí mẹkáníìkì sì ti tún ẹ́ńjìnnì ṣe fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra tòkunbọ̀ ní Nàìjíríà, ìdérí yẹ́lò kò ní kí oníṣòwò gbówó lé ọkọ̀. Bẹntiróòlù lásán ni yóò máa mu lọ́dọ̀ yín, kò sì ní ṣe é ní nǹkan kan.