Ìkìlọ̀: Kí ẹ tó sanwó fún "odidi àpótí ìwé" ọmọ tí ẹ ń kọ́ nílé

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń kọ́ ọmọ yín fúnra yín nílé, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. Mi ò ní dárúkọ ẹni náà, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ló ti yí orúkọ padà lójú mi, èyí tí mo bá sì dá síbí lónìí lè má jẹ́ tirẹ̀ mọ́ lọ́la. Ọgbọ́n tó ń dá ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ìyẹn kò yí padà.

Ọmọ ọdún 8 ni ọmọbìnrin mi. Mo ń wá ìwé kíkà, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì tí mo lè fi kọ́ ọ fún ọdún kan. Ọkùnrin yìí gbé àwòrán kan jáde, ìwé tò lọ rẹrẹ lórí tábìlì: ìwé ọmọ, ìwé olùkọ́, ìwé iṣẹ́ ṣíṣe, ìwé ìdáhùn, pẹ̀lú kóòdù tí a ó fi máa wo fídíò ẹ̀kọ́. Ó ní òbí kan tí ọmọ rẹ̀ ti padà sí iléèwé ló fẹ́ tà á, pé wọn ò tí ì ṣí i rí. Èmi bi í ní ìbéèrè bíi mẹ́wàá. Òun bi mí ní ẹyọ kan péré: "Màmá, ọmọ ọdún mélòó ni?" Mo ní mẹ́jọ ni. "Á, tirẹ̀ gan-an nìyí, ìwé kíláàsì kẹta ni. Ẹ tètè o, ẹlòmíràn ti ń bẹ̀ mí." Ìkánjú yẹn ló bà mí jẹ́. Mo sanwó.

Àpótí dé lóòótọ́. Ìyẹn ni ò jẹ́ kí n tètè fura, torí èmi rò pé ẹni tó bá fẹ́ jalè kò ní fi nǹkan kan ránṣẹ́. Ìwé olùkọ́ ti ìṣirò jẹ́ àtẹ̀jáde kìíní, ìwé ọmọ jẹ́ àtẹ̀jáde kẹta. Olùkọ́ ní kí ọmọ ṣí ojú ìwé 42 kó fi àwọ̀ kun ìdajì òṣùpá. Ọmọ ṣí ojú ìwé 42, aago ni wọ́n ń kà níbẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní a rẹ́rìn-ín. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, èmi ni mo ń jókòó lóru tí mo ń wá ẹ̀kọ́ tó bá ẹ̀kọ́ mu, bí ẹni tó ń to egungun.

Ìwé iṣẹ́ ṣíṣe ńkọ́? Ọmọ ọlọ́mọ ti fi pẹ́ńsùlù ṣe é tán, wọ́n wá fi ìrésà pa á rẹ́. Bí ẹ bá gbé e sí ìmọ́lẹ̀, gbogbo ìdáhùn ló hàn. Ọmọ mi kàn ń fi ojú tọpasẹ̀ wọn ni, kò ronú rárá, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì tọ̀nà! Irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe é fún, ọmọ kan ló máa kọ nǹkan sí i. Bí ẹnìkan bá ń ta àlòkù rẹ̀, ojú ìwé àárín ni kí ẹ ní kó yà ránṣẹ́ sí yín. Ti iwájú kì í sọ òótọ́. Kóòdù fídíò náà, ẹlòmíràn ti fi forúkọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ kóòdù bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà ẹni tó bá ń ta ìwé àlòkù tó sì ń fi kóòdù polówó rẹ̀, ẹ ti mọ irú ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀.

Ìwé kíkà ló dùn mí jù. Wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ni, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ etí òsì ti gé kúrò, àwòrán tó yẹ kó ní àwọ̀ wá dúdú bí èédú, ojú ìwé mẹ́rin sì wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Fún ọmọ tó ń tiraka láti mọ̀ọ́kà, kí lẹ́tà kìíní ọ̀rọ̀ má sí lójú ìwé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ó ń méfò ni, èmi sì ń bá a wí pé kò fọkàn sí i. Ó ṣì ń dùn mí.

Mo kọ̀wé sí ọkùnrin náà. "Ẹ má bínú, màmá mi, àṣìṣe àwọn tó ń di ẹrù ni, màá pààrọ̀ rẹ̀." Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí mo bi í ní nọ́ńbà ISBN àwọn ìwé tó fẹ́ fi pààrọ̀ rẹ̀, ó kọ nọ́ńbà kan ránṣẹ́, kò sì dáhùn mọ́ láti ìgbà náà. Ó ti dínà mọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí nọ́ńbà yẹn, nítorí ká ní mo ti béèrè rẹ̀ ṣáájú owó ni, ì bá ti yọ mí. ISBN ni nọ́ńbà tó máa ń wà lẹ́yìn ìwé, lábẹ́ ìlà dúdú-funfun tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ kà. Láti ọdún 2007, nọ́ńbà 13 ni. Ìwé tó ṣáájú ìgbà náà máa ń ní 10. Èyí tó ní 13 máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 978 tàbí 979. Àtẹ̀jáde tuntun tí wọ́n tún ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe a máa gba nọ́ńbà tuntun, ìwé olùkọ́ sì ní tirẹ̀ lọ́tọ̀ sí ti ọmọ. Bí ẹ bá ti ní nọ́ńbà ìwé kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, ẹ lè lọ sí ìkànnì àwọn tó tẹ̀ ẹ́ jáde láti wo èwo ló bá èwo rìn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni gbogbo ẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ni mi ò ní lọ́jọ́ náà.

Ẹ tún lè mọ nọ́ńbà tí wọ́n kàn hùmọ̀. Ẹ to nọ́ńbà 13 náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wà ní ipò kìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ìkẹtàlá, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Èyí tó wà ní ipò kejì, ìkẹrin, títí dé ìkejìlá, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ wá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí kò bá parí sí òdo, nọ́ńbà náà kò pé. Ẹ fi 9780306406157 dán an wò: 9, 21, 8, 0, 3, 0, 6, 12, 0, 18, 1, 15 àti 7. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 100. Ọmọ mi ló bá mi ro ti ọkùnrin náà, tirẹ̀ parí sí 4. Ẹ̀kọ́ ìṣirò tó dára jù tí a rí nínú àpótí yẹn nìyẹn. Àmọ́ o, kí nọ́ńbà pé kò ní kí ìwé má jẹ́ ayédèrú, torí àwọn tó ń ṣe ẹ̀dà ìwé olówó náà ń da ISBN rẹ̀ kọ. Nítorí náà ẹ ní kí olùtajà ya ojú ìwé tí wọ́n kọ ọdún ìtẹ̀jáde sí, kó kọ orúkọ yín sórí bébà kékeré kan, kó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé kó tó yà á. Ẹni tí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní rí i bí wàhálà. Ẹni tó jí àwòrán lò ni yóò bínú sí yín.

Ìpolówó rẹ̀ tún ní irọ́ mìíràn tó gbé mi, pé "ìjọba ti fọwọ́ sí" ìwé náà níbi gbogbo lágbàáyé. Ta ni ìjọba ibi gbogbo? Òfin tó de kíkọ́ ọmọ nílé yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè. Ní Jámánì, òfin kò fàyè gbà á, àfi fún ìdí tó ṣọ̀wọ́n. Ìwé-ẹ̀rí ìfọwọ́sí tí àwọn èèyàn máa ń tọ́ka sí, iléèwé tàbí ètò tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé ni wọ́n ń fún un, kì í ṣe ìwé inú páálí. Àwọn aláṣẹ ẹ̀kọ́ ibi tí ẹ ń gbé ni kí ẹ bi ní ohun tí òfin fẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí náà ńkọ́? Nọ́ńbà ìpele tó wà lára ìwé kì í ṣe ọjọ́ orí ọmọ. Ọmọ kan lè wà ní ìpele kejì nínú kíkà, kó wà ní ìpele kẹrin nínú ìṣirò, kò sì sí ohun tó ṣe é. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tẹ ìlànà ẹ̀kọ́ jáde ló ní ìdánwò kékeré lórí ìkànnì wọn, ọ̀fẹ́, tí ẹ ó fi mọ ibi tí ọmọ yín dé, wọ́n sì tún máa ń gbé ojú ìwé mélòó kan síta kí òbí yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí ọmọ mi ṣe irú ìdánwò yìí lẹ́yìn-ò-rẹyìn, ìpele tí mo ra ti ga jù ú lọ nínú kíkà. Ìyẹn ni pé ká tiẹ̀ ní àpótí náà pé pérépéré, kì í bá ti wúlò. Olùtajà tó bá ti ń mú ìwé fún ọmọ tí kò tí ì gbọ́ bó ṣe ń kàwé, ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Àwọn kan kò tiẹ̀ ní ìwé rárá, líǹkì Google Drive ni wọ́n ń tà: "ẹgbẹ̀rún ìwé ọmọdé, owó ẹ̀ẹ̀kan". Ìwé olówó tí wọ́n jí yà ló pọ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ tí ẹni tó ni ín bá fẹjọ́ sùn, líǹkì kú, ẹ̀kọ́ ọmọ yín dúró sáàárín. Èyí tí kì í ṣe olè níbẹ̀ sì máa ń jẹ́ ìwé àtijọ́ tó ti di ti gbogbo ayé, tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní Project Gutenberg láti ìgbà pípẹ́. Ọdún 1971 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Bí ọmọ bá fẹ́ gbọ́ kíkà wọn létí, LibriVox wà, òun náà ọ̀fẹ́ ni.

Ní ti owó: ẹ fi káàdì san án, tàbí ọ̀nà tó fún ẹni tó rajà láyè láti fẹjọ́ sùn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi PayPal ránṣẹ́ bí ẹni ń fún ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí lówó, ààbò tí PayPal ń ṣe fún oníbàárà kò kan irú ìyẹn. Bí wọ́n bá ní káàdì ẹ̀bùn, ẹ má tiẹ̀ fèsì. Tààrà sí báńkì ni èmi fi ránṣẹ́. Báńkì gbọ́ tẹnu mi, wọ́n bá mi kẹ́dùn, owó kò padà.

Ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, mo fi àwòrán náà wá ara rẹ̀ lórí Google. Ó ti tún jáde lábẹ́ orúkọ obìnrin kan báyìí, "ọmọ ti padà sí iléèwé, a ò tí ì ṣí i rí". Ẹ ó dá a mọ̀: tábìlì onígi, ife funfun kan létí rẹ̀ lápá ọ̀tún, ìwé iṣẹ́ ṣíṣe kan tí igun rẹ̀ ti ká lókè. Bí ẹ bá rí i, ẹ bi í ní ISBN, kí ẹ sì sọ fún mi ohun tó fi dáhùn.