Washing machine tí mo rà fún Màmá mi n'Íbàdàn: ohun tí wọn kì í sọ fún yín ní ṣọ́ọ̀bù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra washing machine fún màmá tàbí bàbá yín, ẹ gbọ́ tèmi kẹ́ ẹ tó náwó o. Ní ṣọ́ọ̀bù, iye program tó wà lára ẹ̀ ni wọ́n máa kà fún yín títí, bẹ́ẹ̀ program kan ṣoṣo làgbàlagbà máa lò. Ara ẹni tó máa lò ó ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn ìyẹn omi, lẹ́yìn ìyẹn iná.

Màmá mi ti lé ní 70, wọn ò ga rárá, làkúrègbé ń bá ìka wọn jà, ojú ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, wọ́n wá ní kò sí ọmọ ọ̀dọ̀ tó máa fọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ àwọn láyé. Ọ̀rọ̀ parí.

Twin tub, oníhò méjì yẹn, ni gbogbo èèyàn ń sọ pé kí n rà. Òótọ́ ni pé owó ẹ̀ pọ́ọ́kú, ẹ lè fi bọ́kẹ́ẹ̀tì da omi sí i, jẹnẹrétọ̀ kékeré sì máa gbé e. Ṣùgbọ́n tó bá fọ aṣọ tán, ẹ̀yin lẹ máa ní kí omi ìdọ̀tí jáde, ẹ̀yin lẹ máa da omi míì sí i láti ṣan án, ẹ̀yin náà lẹ máa fọwọ́ kó aṣọ tútù láti ihò kan sí ìkejì tó máa fún un. Ẹ gbé ìró ankara tó ti mu omi yó wò ná, ká má tíì sọ bẹ́ẹ̀dṣíìtì. Ọwọ́ tó lè ṣe ìyẹn lè fọṣọ fúnra ẹ̀.

Èyí tó ń ṣílẹ̀kùn níwájú ń fọ aṣọ mọ́ gan-an, kì í sì í lo omi púpọ̀, àmọ́ ẹ máa bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ tó rí inú ẹ̀, àfi tí bíríkìlà bá mọ pèpéle sábẹ́ ẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn tún ń se omi gbóná, tó bá sì ń sè é, ó lè fa bíi 2000 watt.

Automatic tó ń ṣí lókè, tó ń fọ̀, tó ń ṣan, tó sì ń fún aṣọ fúnra ẹ̀, ni mo wá mú, 8kg, ìyẹn ìwọ̀n aṣọ gbígbẹ tó lè gbà lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù ń ti 12kg sí mi lọ́rùn, mo ní kí Màmá na ọwọ́ sínú ẹ̀, ìka wọn ò kan ìsàlẹ̀. Bí kílò ẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ihò ẹ̀ sábà máa ń jìn sí i, torí náà ẹ mú ẹni tó máa lò ó dání lọ. Ẹ má sì ní ẹ máa fi àpótí sílẹ̀ kí wọ́n máa gun un, ẹ ò mọ ọjọ́ tẹ́sẹ̀ máa yẹ̀.

Mi ò ra èyí tó jẹ́ pé wọ́n kàn ń fọwọ́ kàn án. Ìka gbígbẹ ni tàgbà, ẹ̀rọ yẹn kì í gbọ́ nígbà míì, lẹ́tà ara ẹ̀ tún fẹ́lẹ́. Èyí tí wọ́n ń yí bíi ti rédíò àtijọ́ ni mo rà, tó ń dún ká, ká. Mo wá fi kíútẹ́ẹ̀sì pupa tọ́ àmì sójú ibi tí wọ́n máa yí i dé, mo tún tọ́ òmíràn sórí bọ́tìnnì tó ń mú un bẹ̀rẹ̀. Màmá ní, "Pupa lókè, pupa nísàlẹ̀, èwo ló tún kù?"

Omi ló wá fẹ́ ba gbogbo ẹ̀ jẹ́ o. Ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rán wá so ó mọ́ páìpù, ó gbowó ẹ̀, ó lọ. Ìgbà tí Màmá tẹ̀ ẹ́, omi ń ṣe tó, tó, tó, ẹ̀rọ dúró títí, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í han. Wọ́n pè mí lórí fóònù pé "Nǹkan tó o rà yìí ti ń sunkún o." Púpọ̀ nínú àwọn automatic yìí ló ń fẹ́ kí omi ní agbára bíi 0.5 bar, ìyẹn ni pé kí tánkì ga tó bíi mítà 5 sí ẹnu ẹ̀. Tánkì tiwa ò ju òrùlé lọ. Púlọ́mbà kọ́kọ́ tú àsẹ́ kékeré tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ, iyanrìn bọ́hólù ti dí i pa, ó wá so pọ́ǹpù kékeré tó ń tan ara ẹ̀ mọ́ páìpù. Látìgbà yẹn, àlàáfíà.

Ẹ bi wọ́n léèrè bóyá tí NẸ́PÀ bá mú iná tí wọ́n tún dá a padà, ṣé ibi tó dé ló ti máa bá a lọ. Tiwa ń bá a lọ. Ọṣẹ náà ńkọ́, èyí tí a fi ń fọwọ́ fọṣọ máa ń hó jù, ẹ ra èyí tó wà fún ẹ̀rọ. Màmá ṣì ń fi ọṣẹ olódindi ra ọrùn bùbá kí wọ́n tó jù ú sí i, mo fi wọ́n sílẹ̀. Àdìrẹ nìkan ni mo bẹ̀ wọ́n pé kó má wọbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun.

Dráyà, mi ò rà á. Èyí tó wọ́pọ̀ ń jẹ 2000 watt tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ínfátà ilé ò gbé e, oòrùn sì wà. Ẹ̀rọ yìí ti fún aṣọ débi pé kò kán mọ́, okùn ìsáṣọ ni mo sọ̀ kalẹ̀ dé èjìká Màmá. Ìgbà òjò, wọ́n á ní kó tún un fún, wọ́n á sá a sí fàráńdà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London ni ọ̀rọ̀ dráyà kàn, àmọ́ ẹ ṣọ́ra fún èyí tó ń fọ̀ tó tún ń mú aṣọ gbẹ nínú ihò kan: ìwọ̀n tó lè fọ̀ pọ̀ ju ìwọ̀n tó lè mú gbẹ lọ, ẹ gbọ́dọ̀ kó díẹ̀ jáde láàárín. Kò sí màmá tó máa rántí ìyẹn. Méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló dáa, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n so ibi tí omi tí dráyà ń yọ lára aṣọ ń gbà jáde mọ́ páìpù kó má jẹ́ pé àgbàlagbà ló máa máa da á nù.

4 nínú 5 ni mo fún un. Ohun tí mo fi yọ ọ̀kan ni pé orin tó ń kọ tó bá parí ti kéré jù, Màmá kì í gbọ́ ọ látinú pálọ̀, aṣọ á wà níbẹ̀ títí á fi máa rùn. Bí omi ò bá sì dénú ilé yín rárá, twin tub náà lẹ máa rà, kẹ́ ẹ wá ẹni tó máa wá bá wọn kó aṣọ tútù lọ́jọ́ Sátidé.