Ẹ ṣọ́ra o: SSD 16TB tí mo rà, káàdì 64GB ló wà nínú rẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ má ra SSD 16TB olówó pọ́ọ́kú o, ìyẹn ohun tí à ń so mọ́ kọ̀ǹpútà láti kó fáìlì pamọ́ sí, tí wọ́n ní ó gba 16,000GB. Ẹ má rà á! Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, ojú sì ń tì mí, ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́, wọ́n á tún rí ẹlòmíì mú.

Kọ̀ǹpútà mi ló kún. Fídíò ìgbéyàwó wa, ti ìsìnkú bàbá mi, orin tí mo ti ń kó jọ láti ọdún gbọ́nhan, gbogbo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 700GB. Nǹkan tí mo rà kò ju àtàǹpàkò méjì lọ, wọ́n kọ 16TB sí i lára gàdàgbà, àwọn tó ní àwọn ti rà á sì ń yìn ín. Mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà náà ní 16TB ni. Ta ni kò ní gbà á gbọ́?

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó o láàárọ̀, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ kó tó parí. Ó ń rìn bí ìgbín. Ó yẹ kí n ti fura níbẹ̀, mo mọ̀. Mo ṣí méjì nínú àwọn tí mo kọ́kọ́ kó, wọ́n ṣiṣẹ́. Ni mo bá pa ti inú kọ̀ǹpútà rẹ́. Gbogbo rẹ̀ pátá.

Lọ́sẹ̀ kejì, ìyá mi ní òun fẹ́ wo ìsìnkú ọkọ òun. Orúkọ fídíò wà níbẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ pé, mo tẹ̀ ẹ́, ojú kọ̀ǹpútà dúdú kirikiri. Mo tẹ òmíràn, bákan náà. Màmá jókòó, wọ́n ń wò mí.

Mo fi ọ̀bẹ tú u. Káàdì tín-ín-rín bí èyí tí à ń kì bọ fóònù ni mo bá nínú rẹ̀, 64GB, pẹ̀lú irin kan tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ọn kó lè wúwo lọ́wọ́. Irin! Èèyàn jókòó, ó ń lẹ irin mọ́ ọn kó lè rí mi gbá! Wọ́n ti ṣètò rẹ̀ kó máa parọ́ fún kọ̀ǹpútà: tí 64GB bá ti kún, ó kàn ń kọ orúkọ fáìlì sílẹ̀ ni, ohun tó wà nínú fáìlì ti dànù, bí ẹni ń rọ omi sínú agbọ̀n.

Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á. Ó ní kí n fọ́ọ̀màtì rẹ̀. Kí n fọwọ́ ara mi pa èyí tó ṣẹ́ kù rẹ́! Kò dá mi lóhùn mọ́ látìgbà yẹn.

Ẹ má sọ pé ojúkòkòrò ló mú mi. Èmi ni mo pa fáìlì rẹ́, mo gbà, ṣùgbọ́n olè ni olè ń jẹ́. Àwọn tó ń yìn ín ńkọ́? Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Mi ò gba olùtajà kankan gbọ́ mọ́.

Tí ẹ bá rà á, ẹ fi H2testw, ètò orí Windows tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó gba iye tí wọ́n kọ sí i lára, dán an wò kí ẹ tó kó ohunkóhun sí i. F3 ni ti Linux àti Mac. Wọ́n á kọ nǹkan kún un, wọ́n á tún kà á padà. Ó máa pẹ́, ẹ jẹ́ kó pẹ́. Háàdì dírááfù 16TB tòótọ́ tóbi, iná ògiri ló ń lò. Tí 1TB bá fi 931GB hàn lórí Windows, ìyẹn kì í ṣe jìbìtì, bí Windows ṣe ń ṣírò rẹ̀ ló yàtọ̀. Ẹ má pa ti àkọ́kọ́ rẹ́ láé.

Káàdì náà wà níwájú mi báyìí. Orin díẹ̀ ṣì ń dún nínú rẹ̀. Ti bàbá mi kò sí níbẹ̀.